Ibi tí ẹ lè kó àwọn ọmọ lọ jẹun ní Disẹ́ńbà, láti Kàbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀

Ọmọ Ìyàrà (Leeds): Ọ̀kún o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè. A ń bọ̀ nílé ní Disẹ́ńbà, èmi, ìyàwó àti àwọn ọmọ mẹ́ta tí a bí síbí, èyí àgbà ti pé ọdún mẹ́rìnlá, ó sì ti sọ fún mi pé òun ò ní jókòó sí pálọ̀ bàbá àgbà máa kí àlejò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo fẹ́ máa fi mọ́tò gbé wọn jáde, ká lọ jẹ nǹkan tó dáa níbì kan ká sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má dárúkọ Àbújá fún mi o, agbègbè wa, ilẹ̀ Ọ̀kún ní ìpínlẹ̀ Kogí, ni mò ń sọ, Kàbà, Ìjùmú, Mọ̀pà, Yàgbà. Ẹ rántí nǹkan dídùn náà, torí àbíkẹ́yìn mi, tí ò bá ti rí nǹkan fi sẹ́nu, kò sẹ́ni tó máa sinmi nínú mọ́tò yẹn.

Ìyá Ìbejì (Houston): Ọ̀kún o bàbá, ẹ kú ìmúra. Ẹ má wá ibi tó ní síńbọ́ọ̀dù o. Oúnjẹ tó dùn jù lọ́nà yẹn, abẹ́ páànù ló wà, ẹni tó ń sè é ò kọ orúkọ síbì kankan, orúkọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Ọlọ́kadà ni kẹ́ ẹ bi, tàbí kẹ́ ẹ wo ibi tí àwọn dírẹ́fà ọ̀nà jíjìn páàkì sí, torí dírẹ́fà ò lè máa jẹ ìjẹkújẹ kó tún wa ọkọ̀ dé Èkó.

Iyán ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ní Kàbà, kẹ́ ẹ débẹ̀ láàárín aago méjìlá sí aago méjì. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, èyí tí wọ́n ti kó sínú kúlà látàárọ̀ ni wọ́n máa gbé fún yín. Kẹ́ ẹ tó jókòó, ẹ tẹ́tí sílẹ̀ ná. Tẹ́ ò bá gbọ́ ìró odó lẹ́yìn ilé, pọ́ńdò ni wọ́n rò, ẹ yáa dìde. Ẹ̀gúsí ni kẹ́ ẹ fi jẹ ẹ́, ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀yà sí i tó bá wà, àwọn ọmọ lè kọ́kọ́ fajú ro ṣùgbọ́n ẹ má sọ irú ẹran tó jẹ́ fún wọn títí wọ́n á fi fọwọ́ wọn lá. Àwọn tèmi ní àwọn fẹ́ gún iyán. Obìnrin tó ni búkà náà fún wọn lọ́mọ odó kọ̀ọ̀kan, ó ní tí tìrẹ bá ń lọ sókè, ti ẹnì kejì á máa bọ̀ nílẹ̀. Wọn ò gbọ́. Ńṣe ni ọmọ odó ń gbá ọmọ odó lókè, iyán wà nísàlẹ̀ tó ń wò wọ́n, obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi fìdí jókòó sórí àpótí. Fídíò yẹn ṣì wà lórí fóònù mi, gbogbo ilé ìwé wọn ló ti rí i.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ (Toronto): Kàbà kẹ̀? Ìyá Ìbejì ẹ rọra o, Yàgbà ni wọ́n ti ń jẹ iyán. Ẹ wa ọkọ̀ kọjá Ayétòrò, ẹ kọjá Mọ̀pà, ẹ dé Ìsánlú, kẹ́ ẹ tó dé Ẹ̀gbẹ̀ ẹ máa ti mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀wẹ̀ (mo wà ní Kàbà): Ẹ tún ti dé. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ja ìjà iyán yìí, kò sì sẹ́ni tó gbé abọ́ wá.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ (Toronto): Ẹ̀gbọ́n, ọ̀wọ̀ yín ni mo fi dákẹ́ o. Ó dáa, ẹ jẹ́ n sọ ti wàrà, ìyẹn ò ní jà. Àwọn obìnrin Fúlàní ló ń gbé e kiri, wọ́n máa ń dúró sẹ́bàá ọ̀nà nítòsí ọjà. Tẹ́ ẹ bá lè rí ẹni mú yín dé ibi tí wọ́n ti ń sè é láàárọ̀, ẹ kó àwọn ọmọ lọ, torí ìyẹn gan-an dùn wò ju jíjẹ lọ. Wọ́n á gbé mílíìkì màlúù kaná, kò gbọdọ̀ hó ṣùù, ó kàn máa gbóná ni, wọ́n á wá gún ewé bọmubọ́mú, wọ́n á fún omi rẹ̀ sí i. Tó bá pẹ́ díẹ̀ ẹ ó rí i tí mílíìkì bẹ̀rẹ̀ sí í dì, tí omi rẹ̀ ń yà sọ́tọ̀, wọ́n á wá kó èyí tó dì sínú ajọ̀ kékeré kó lè ro. Ọmọ mi obìnrin tó ń ṣe sáyẹ́ǹsì nílé ìwé béèrè ọ̀rọ̀ débi pé ọwọ́ mi kún fún ìtumọ̀, mi ò tiẹ̀ ráyè jẹ. Tútù rẹ̀ dára, ṣùgbọ́n fún ọmọ tí ikùn rẹ̀ ò tíì mọ ilé, èyí tí wọ́n dín tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ni kẹ́ ẹ rà, gbígbóná, kí ata díẹ̀ wà lórí ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tọ́ ọ wò tó ti kan, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Àbúrò Bùnú (Dublin): Súwíìtì ló kù, ẹ fi sílẹ̀ fún mi. Kò sí ṣọ́ọ̀bù súwíìtì bí ti ibí o, orí àtẹ àti orí àwọn ọmọ tó ń kiri ní gárèèjì ló wà, ẹ kàn sọ gíláàsì mọ́tò kalẹ̀ ni. Bàbá dúdú (àgbọn àti ṣúgà tí wọ́n sè títí ó fi dúdú, ó máa ń lẹ̀ mọ́ eyín), dọ̀ǹkúwà, kúlíkúlí, gúgúrú pẹ̀lú ẹ̀pà. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni àádùn, àgbàdo tí wọ́n yan tí wọ́n lọ̀ kúnná tí wọ́n fi epo pupa àti ata pò, àwọn míì ń fi ṣúgà sí i, ẹ kọ́kọ́ béèrè torí ata àwọn ìyá kan kì í ṣeré. Àti búrẹ́dì! Ẹ wá ilé búrẹ́dì láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n gbé e jáde láàrò fún yín, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dì í sí ọ̀rá nígbà tó ṣì gbóná, á làágùn. Àwa ò tíì dé ẹnu géètì tó ti tán.

Ẹ gbìyànjú kí ọjọ́ tẹ́ ẹ máa jáde bọ́ sí ọjọ́ ọjà. Ọjà tiwa ọjọ́ márùn-ún márùn-ún ni, kì í tẹ̀lé Mọ́ńdè Túsìdeè, ẹ bi àwọn ará ilé kí wọ́n ka ọjọ́ fún yín. Ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, ìdajì gbogbo ohun tí mo kà yìí lẹ ò ní rí.

Ọmọ Ìyàrà (Leeds): Ẹ ṣeun gan-an ni. Kajú ńkọ́? Ìyàwó mi ti ń lálàá rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀wẹ̀ (mo wà ní Kàbà): Èso kajú ò tíì yọ ní Disẹ́ńbà, ó di Fẹ́búárì sí Méè. Èyí tí wọ́n ti yan sínú ìgò lẹ máa rí lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ yẹ ìdí ìgò wò bóyá ó ti ń bu. Ọsàn á pọ̀, ìrèké á wà, àgbálùmọ̀ á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wọlé, èyí tó kọ́kọ́ dé máa ń kan, ẹ fi sílẹ̀ di ìparí oṣù. Iṣu ni ìgbà rẹ̀ nìyẹn, iṣu sísun pẹ̀lú epo lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ ní kí wọ́n ha á dáadáa. Ohun kan tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: a ní kọfí lóko níbí, Kàbà àti Ìjùmú, àwọn bàbá wa gbìn ín, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àbókí oní-tíì kẹ́ ẹ ní kó po kọfí fún yín, Nescafé inú sáṣẹ́ẹ̀tì ló máa já.

Ní ti ọ̀nà. Tó bá jẹ́ Àbújá lẹ ti ń bọ̀, ẹ gba Lọ́kọ́ja, ẹ lè jẹ ẹja tútù létí odò níbẹ̀, ibi tí Ọya àti Bẹ́núè ti pàdé, kẹ́ ẹ wá gba Ọbajànà wọlé. Láti Ọbajànà sí Kàbà kọ́ńkéréètì ni wọ́n fi ṣe é, kìlómítà 43, ó ń yọ̀ọ̀rọ̀, ẹ má torí ẹ̀ sáré torí tírélà sìmẹ́ǹtì pọ̀ níbẹ̀. Àwọn ọ̀nà yòókù ní ihò. Ẹ má rin alẹ́ rárá. Ọ̀rọ̀ ajínigbé ò ṣeé fi ṣeré, kí ẹni tó mọ ọ̀nà wà nínú mọ́tò yín, ẹ fóònù síwájú kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ má gbé ibi tẹ́ ẹ ń lọ sórí Facebook títí ẹ ó fi padà délé. Ẹ mú owó kékèké dání, nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń lọ, ìyá tó ń ta àkàrà ò ní dúró de tránsífà yín, ẹ má sì fojú sọ́nà fún POS ní gbogbo abúlé.

Ọmọ Ìyàrà (Leeds): Ẹ̀gbọ́n ẹ ṣeun. Ṣé mo lè gbé wàrà díndín àti ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ padà síbí?

Ìyá Ìbejì (Houston): Ẹ dákun! Ẹran àti ohun tí wọ́n fi mílíìkì ṣe, kọ́sítọ́ọ̀mù UK á gbà á lọ́wọ́ yín, níbí náà ẹran ò gbọdọ̀ wọlé. Gbogbo ẹ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ tán nílé.

Àbúrò Bùnú (Dublin): Bákan náà ni Ireland. Iṣu tútù àti èso tútù, ìwé àyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn ni wọ́n máa béèrè. Kajú yíyan, kúlíkúlí, àádùn ni kẹ́ ẹ rù, ẹ di àádùn dáadáa, epo ẹ̀ ò mọ ẹni tó ni kóòtù.

Ọmọ Ìyàrà (Leeds): Ó ti yé mi. Tí mo bá gbéra láti Ìyàrà, ṣé mo lè ṣe Kàbà àti Ẹ̀gbẹ̀ lọ́jọ́ kan?

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀wẹ̀ (mo wà ní Kàbà): Ẹ pín in sí méjì. Kàbà lọ́jọ́ kan, ìyẹn ò jìnnà sí yín. Ọjọ́ Yàgbà, kí aago méje àárọ̀ bá yín lójú ọ̀nà, tó bá ti di aago mẹ́ta, ibi yòówù kẹ́ ẹ dé, ẹ yí mọ́tò padà. Kì í ṣe ọjọ́ Sọ́ńdè o, gbogbo àwọn ìyá tí a ń sọ yìí wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, bísíkíìtì lẹ máa jẹ lọ jẹ bọ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ (Toronto): Tí wọ́n bá ti jẹ ti Yàgbà tán, kí wọ́n padà wá síbí wá sọ òótọ́.