Wọ́n fi mí ṣe olórí ẹ̀ka, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà pé mo tó o. Ẹ gbà mí ní ìmọ̀ràn

Olùbéèrè (a fi orúkọ pamọ́):
Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, Kubwa ní Àbújá ni mò ń gbé, Central Area níbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan. Ọdún kọkànlá mi rèé níbẹ̀. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n fi mí ṣe olórí ẹ̀ka tó ń ṣètò ìnáwó, àtìgbà náà ni oorun kò ti kun ojú mi mọ́. Bí dáírẹ́kítọ̀ bá ránṣẹ́ pè mí, àyà mi á já, mo máa ń rò pé òní ni wọ́n máa mọ̀ pé òfìfo ni mí.

Ọkùnrin kan wà nínú ẹ̀ka wa, ó jù mí lọ díẹ̀. Ọjọ́ tí lẹ́tà mi jáde, ó sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé, "Kwara slot ti ṣiṣẹ́! Yorùbá tó gba ọ̀nà Àríwá wọlé." Ó ní àyè tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìpínlẹ̀ mi ni mo fi wọlé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yẹn ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja. Yàrá tí wọ́n fún mi, AC rẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Àga rẹ̀ ń mì. Ẹni tó ń gbé tíì kiri máa ń gba ẹnu ọ̀nà mi kọjá lọ bá ọkùnrin yẹn. Obìnrin tí a jọ máa ń mu kúnú lọ́sàn-án, ó ti wá ń kí mi bí ẹni ń kí àlejò.

Ìpàdé ńlá wà lọ́jọ́bọ̀ lórí ìnáwó ọdún tó ń bọ̀. Ó ń ṣe mí bíi kí n bẹ dáírẹ́kítọ̀ kó dá mi padà sí àyè mi àtijọ́. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Nyanya:
Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Ó ṣe èmi náà rí, nígbà tí wọ́n fi mí ṣe igbákejì ọ̀gá ilé ìwé. Mo máa ń ti ara mi mọ́ ilé ìtọ̀ kí àwọn ọmọ tó tò lórí ìlà láàárọ̀. Ọdún yẹn náà ni wọ́n gbé ọkọ mi lọ sí Minna, àwọn ìbejì ò tíì já lẹ́nu ọmú, omi kò sí ládùúgbò wa. Ọlọ́run ló kó mi yọ. Máa gbàdúrà.

Alhaja Ìlọrin:
Ta ló ní kí o bá wọn rẹ́rìn-ín? Ibẹ̀ lo ti ṣàṣìṣe. Kwara wà lára ìpínlẹ̀ 12 tí Gowon dá sílẹ̀ ní 1967, Ọ̀fà kò sì ṣí kúrò níbẹ̀. A ò jí Àríwá gbé. Òfin 1999, abala 14, ló ní kí iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kárí gbogbo ìpínlẹ̀. Ẹni tínú bá ń bí, kó lọ bá òfin jà.

Bàbá Tèmítọ́pẹ́, Gwarinpa:
Alhaja, ẹ ṣé ma. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wọ́n bá ń gbani síṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ slot máa ń jáde. Ìgbéga ńkọ́? Olùbéèrè, ṣé o ṣe ìdánwò? O sọ̀rọ̀ AC, o sọ̀rọ̀ tíì, o kò sọ èyí.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣé sà. Mo ṣe é. Ohun tí mo kà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ló jáde, oríire ni. Ní ti AC, ooru inú yàrá yẹn kì í ṣe kékeré, ẹ̀gbọ́n.

Bàbá Tèmítọ́pẹ́, Gwarinpa:
Ipò kelòó lo ṣe?

Olùbéèrè:
Ìkíní. Àwa méje la jọ ṣe é.

Nọ́ọ̀sì Garki:
Ẹ wá gbọ́ o! Ohun tó ń ṣe ọ́ yìí lórúkọ, imposter syndrome ni wọ́n ń pè é. Obìnrin méjì, Pauline Clance àti Suzanne Imes, ló kọ nípa rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1978. Àwọn obìnrin tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ lé ní 150, àwọn tó kàwé dáadáa, tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ń fọhùn fún wọn. Síbẹ̀ wọ́n ní oríire ni, wọ́n ní ẹni tó gbà wọ́n ló ṣi máàkì ka. Wo ohun tí o kọ sókè yìí. O ṣe ipò kìíní, o ní oríire ni.

Alhaja Ìlọrin:
Nọ́ọ̀sì, ẹ má sọ ọmọ ọlọ́mọ di aláìsàn. Ẹni tó bú u ló yẹ kí a bá wí.

Nọ́ọ̀sì Garki:
Alhaja, n kò pè é ní àìsàn ma. Òótọ́ sì lẹ sọ. Bí wọ́n bá ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́ lójoojúmọ́, a kì í sọ pé awọ ara rẹ̀ ló rọ̀ jù.

Ìyá Ìbejì, Nyanya:
Àdúrà náà ṣe pàtàkì o.

Lọ́yà Jabi:
Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè kan ni tèmi. Láti oṣù mẹ́ta tí ẹ ti jẹ́ olórí, ta ló ń sọ̀rọ̀ nípàdé fún ẹ̀ka yín?

Olùbéèrè:
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣé ma, mò ń gbàdúrà. Alhaja, ẹ má bínú sí mi.

Lọ́yà Jabi:
Ẹ kò tíì dá mi lóhùn ma.

Olùbéèrè:
Òun ni. Ọkùnrin yẹn ni. Èmi ni mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bá mi sọ ọ́, torí ohùn mi máa ń gbọ̀n. Èmi ni mò ń kọ gbogbo rẹ̀ láti òru, gbogbo iye owó, gbogbo àlàyé. Òun á wá dúró kà á. Orúkọ rẹ̀ ló wà lójú ìwé àkọ́kọ́ báyìí. Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Kaduna pé òun ló mọ iṣẹ́ ẹ̀ka wa jù. Kò jí i o, èmi ni mo gbé e fún un.

Alhaja Ìlọrin:
Háà!

Bàbá Tèmítọ́pẹ́, Gwarinpa:
Ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ báyìí. Iṣẹ́ tí o ní o kò mọ̀ ni wọ́n fẹ́ torí ẹ̀ rán ẹlòmíì lọ sí Kaduna.

Ìyá Ìbejì, Nyanya:
Ṣé ìwọ ni wọ́n á mú bí owó kan bá ṣìnà níbẹ̀?

Olùbéèrè:
Èmi ni mò ń fọwọ́ sí i, ma.

Lọ́yà Jabi:
Ẹ má kọ lẹ́tà kankan sí dáírẹ́kítọ̀ pé ẹ fẹ́ padà. Ẹ fi fáìlì ìnáwó tí ẹ kọ náà ránṣẹ́ sí i fúnra yín lálẹ́ yìí, láti orí íméèlì iṣẹ́ yín, kó lè ní déètì. Ẹ fi orúkọ yín síwájú. Bí orúkọ ọkùnrin yẹn bá tọ́ sí ibì kan, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀, ẹ má yàn án jẹ. Lọ́dún 1981 tí Folake Solanke di obìnrin àkọ́kọ́ tó gba SAN, oyè àgbà àwọn lọ́yà, ní Nàìjíríà, kò sí obìnrin kankan níwájú rẹ̀ tó lè wò. Ó jókòó síbẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Garki:
Bí ohùn bá ń gbọ̀n, jẹ́ kó gbọ̀n. Ojú ìwé àkọ́kọ́ nìkan ni kí o há sórí. Kà á sókè nílé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, kí ọmọ tàbí ọkọ jókòó gbọ́ ọ. Ìyókù, ìwọ lo kọ ọ́, ó wà nínú rẹ.

Olùbéèrè:
Ọkọ mi kò mọ̀ pé mi ò kì í sọ̀rọ̀ nípàdé. Ó ti sọ fún gbogbo àwọn ará ilé pé ọ̀gá ni mí.

Ìyá Ìbejì, Nyanya:
Sọ fún un lónìí. Jí i.

Olùbéèrè (aago 11 kọjá ìṣẹ́jú 40, alẹ́ Ọjọ́rú):
Mo jí i. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ka ojú ìwé àkọ́kọ́ fún un lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Lẹ́ẹ̀kẹrin ni mo sunkún. Mo ti fi fáìlì ránṣẹ́ sí dáírẹ́kítọ̀. Orúkọ mi ló wà níwájú, mo kọ ti ọkùnrin yẹn sí ìsàlẹ̀ níbi tó ti bá mi ṣe ìṣirò owó ọkọ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí òun náà pé èmi ni màá sọ̀rọ̀ lọ́la. Ó ti kà á. Kò tíì fèsì.

Alhaja Ìlọrin:
Aago mélòó ni ìpàdé, ọmọ mi?

Olùbéèrè:
Mẹ́wàá àárọ̀, ma.