Ilé bàbá wa ní Ìtìrẹ: báwo la ṣe máa ṣe é fún àwọn tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ?

Àkọ́bíÌtìrẹ
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi, ọgbọ́n yín ni mo wá tọrọ. Bàbá wa fi ilé kan sílẹ̀ ní Ìtìrẹ, fẹ́sì-mi-áì-fẹ́sì-yú àtijọ́, kò jìnnà sí ọsìbítù LUTH, èmi àtàwọn àbúrò mi sì ti fẹnu kò pé a ò ní gba rẹ́ǹtì ẹ̀ mọ́, a fẹ́ kó jẹ́ ibi táwọn tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ á ti lè jókòó, mu tíì, rí ẹni bá sọ̀rọ̀, ọ̀fẹ́ ni o. Torí màmá wa ni. Ọsìbítù aládàáni tí wọ́n ti kọ́kọ́ sọ fún wọn pé jẹjẹrẹ ọmú ni, orí bẹ́ǹṣì ní kọ́rídọ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́, àwọn èèyàn ń kọjá, ẹnì kan tiẹ̀ ní kí màmá gbé ẹsẹ̀ kí òun nu ilẹ̀. Wọ́n ti lọ sinmi báyìí.

Ẹnjiníà tí a pè ti ya pláànù wá, kántà ńlá lẹ́nu ọ̀nà, yàrá kéékèèké, táìsì tó ń dán nílẹ̀, éásì (ẹ̀rọ amúlétutù) káàkiri. Ọkàn mi ò gbà á. Kí ló yẹ kó wà níbẹ̀ gan-an?

Ayàwòránilé_ẸbúteMẹ́ta
Ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá o, ẹ̀gbọ́n. Iṣẹ́ mi nìyí, ọkàn yín ò sì tàn yín. Ẹ wo àwọn ilé tí wọ́n ń pè ní Maggie's ní UK, irú ibi tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe yìí náà ni, fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ ọmú ló padà sára Maggie Keswick Jencks, obìnrin tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pè é, ní 1993, wọ́n ní oṣù díẹ̀ ló kù fún un, kọ́rídọ̀ tí ò ní fèrèsé lòun àti ọkọ ẹ̀ sì lọ jókòó sí lẹ́yìn tí wọ́n gbọ́ ọ. Ó kú ní 1995, wọ́n ṣí ilé àkọ́kọ́ ní Edinburgh ní 1996, ilé ẹṣin àtijọ́ ni ayàwòrán ilé Richard Murphy sì tún ṣe, kì í ṣe ilé tuntun! Ẹ̀yìn ìyẹn làwọn ayàwòrán ilé tó gbajúmọ̀ bíi Frank Gehry àti Zaha Hadid wá kọ́ tiwọn, èyí tí iléeṣẹ́ Richard Rogers kọ́ sí London gba Stirling Prize, àmì ẹ̀yẹ ńlá fún ilé kíkọ́ ní UK, ní 2009. Kò sí kántà níbẹ̀. Tábìlì ńlá ní ilé ìdáná lẹ máa bá, ilé ìyàgbẹ́ wọn sì nílẹ̀kùn tó sé dáadáa kí ẹni tó fẹ́ sunkún lè sun ún tẹ́rùn. Wọn kì í fún èèyàn lóògùn níbẹ̀ o, ti ọsìbítù nìyẹn.

Tiyín, ẹ yọ yàrá méjì láàárín, ẹ ṣí òrùlé ibẹ̀, kó di àgbàlá bó ṣe wà ní agboolé àwọn bàbá wa, atẹ́gùn á la kọ́rídọ̀ já. Ṣùgbọ́n kí structural ẹnjiníà, ẹni tó mọ ògiri tó gbé ilé dúró, wo ògiri kí ẹnikẹ́ni tó gbé òòlù.

Nọ́ọ̀sìÌyáÌbejì
Tábìlì dáa, ṣùgbọ́n ẹ má gbé sítóòfù sáàárín ilé. Wọ́ọ̀dù kẹ́mò, níbi tí wọ́n ti ń fún èèyàn lóògùn jẹjẹrẹ, ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹni tó gba kẹ́mò láàárọ̀ tó wá gbóòórùn ata díndín, èébì ló kù. Tíì, ògì, omi atalẹ̀, ìyẹn ti tó fún tábìlì yẹn, kí ìdáná gidi wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ dín éásì náà kù, oògùn kẹ́mò kan wà tó ń jẹ́ oxaliplatin, ẹni tó ń gbà á, tọ́wọ́ ẹ̀ bá kan nǹkan tútù á máa ta á bí abẹ́rẹ́. Àwọn míì, àtẹ́lẹsẹ̀ wọn á kú, wọn ò ní mọ̀ tí wọ́n bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, nítorí náà táìsì tó ń dán yẹn, rárá o!! Kí ilé ìyàgbẹ́ gba èèyàn méjì, ọmọ ló máa ń di ìyá ẹ̀ mú wọlé. Kí àga tó ṣeé nà sí wà pẹ̀lú, torí àwọn tó ń gba radiotherapy (ìtọ́jú onítànṣán), Monday sí Friday ni fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni wọ́n ń lò nídìí ẹ̀rọ, ìrìn àti ìdúró ló ń pa wọ́n.

ỌmọPópóÀgùdà
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kọ jẹjẹrẹ sára síáńbọ́ọ̀dù. Àǹtí mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọ́lsà ni wọ́n sọ fún gbogbo ilé pé ó ń ṣe àwọn, wọ́n ń wé gèlè bo orí tó ti pá, wọn ò lè wọ géètì tí wọ́n kọ ọ́ sí láéláé. Ẹ fi orúkọ màmá pe ilé náà. Kí ẹnu ọ̀nà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má kọjú sí àwọn ọlọ́kadà.

Àkọ́bíÌtìrẹ
Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bù kún yín. Kántà ti lọ, táìsì ti lọ, orúkọ màmá la máa fi pè é. Àgbàlá yẹn ló ń bà mí lẹ́rù, tójò bá rọ̀ omi máa ń wọlé ní àdúgbò wa.

Ayàwòránilé_ẸbúteMẹ́ta
Ẹ gbé ilẹ̀ ilé sókè, kí gọ́tà yí àgbàlá ká, kó sì já síta. Ṣùgbọ́n tó bá ga ní fíìtì 1, rámpù, ìyẹn ọ̀nà tó dàgẹ̀rẹ̀ wọlé, gbọ́dọ̀ gùn tó fíìtì 12, á ṣòro fún ẹni tó wà lórí wíìlìṣíà láti gun èyí tó dàgẹ̀rẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ẹ sàmì síbi tómi gùn dé lára ògiri lọ́dún tó kọjá, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ síbí, ibẹ̀ la ti máa bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.