Gàrí ń tà, èrè ò sí: ẹ tú iṣẹ́ náà palẹ̀ kẹ́ ẹ tó fowó kún un

Ẹni bá ń wo iṣẹ́ gàrí lápapọ̀ kò lè rí ibi tí owó ń gbà jò. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́fà: bíbó, rínrin, kíkan, fífún, jíjọ̀, yíyan. Ní ìpele kọ̀ọ̀kan, ẹ wọn ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Òṣùwọ̀n kílò ni kẹ́ ẹ lò. Kóńgò ò ṣeé fọkàn tán níbí, torí èyí tó tutù àtèyí tó gbẹ kì í wúwo bákan náà.

Ẹ̀gẹ́ 1,000 kílò sábà máa ń di gàrí 200 sí 250 kílò. Èèpo nìkan á kó 200 sí 300 lọ. Tó bá ti kọjá 300, ẹ wo bẹ́ ẹ ṣe ń sanwó. Ẹni tó ń gbowó lórí iye agbọ̀n tó bó á sáré, á sì máa gé ara ẹ̀gẹ́ mọ́ èèpo.

Fífún ni ọ̀pọ̀ ò kà sí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni igi ìdáná ń gbà run. Ká ní ohun gbígbẹ inú ẹ̀gẹ́ tẹ́ ẹ rin, ìyẹn ohun tó máa kù tí omi bá tán nínú ẹ̀ pátápátá, jẹ́ 240 kílò. Bí omi bá jẹ́ ìdajì lẹ́yìn fífún, 480 kílò ló ń lọ sínú agbada. Bí wọ́n bá kánjú tú jáàkì tí wọ́n fi ń tẹ àpò kí omi lè jáde, tí omi ṣì jẹ́ ìdá 60 nínú 100, ó di 600. Omi 120 kílò tí jáàkì ì bá fún dànù lọ́fẹ̀ẹ́ ni iná á wá máa gbẹ. Ẹ bu ìkúnwọ́ kan, kẹ́ ẹ fún un: tí omi ò bá kán, tó dì, àmọ́ tó fọ́ bẹ́ ẹ ṣe fọwọ́ kàn án, ó ti tó. Èyí tó tutù jù á di kókó lórí iná.

Ẹ wá gbé e dé agbada. Bí agbada bá ń gba kílò 6 lẹ́ẹ̀kan fún ìṣẹ́jú 25, kílò 480 á gba ìgbà 80. Agbada mẹ́rin á parí ẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ ààbọ̀. Kílò 600 á lé ní wákàtí mẹ́wàá, àwọn tó ń yan á sì ti rẹ̀ kó tó parí. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́ ńlá kì í fi í mú gàrí pọ̀ sí i. Àpò ẹ̀gẹ́ rínrin ló kàn ń tò jọ níwájú agbada. Ẹ fowó yẹn kọ́ ààrò sí i.

* * *

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ n fi ti kíkan kún un. Gàrí Ìjẹ̀bú tó fẹ́ kan dáadáa lè lo ọjọ́ mẹ́rin nínú àpò. Tẹ́ ẹ bá ń rin lójoojúmọ́, àpò àti àyè ọjọ́ mẹ́rin lẹ máa nílò lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kọ ọjọ́ sára àpò kọ̀ọ̀kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ tàná á bá tìjẹrin wọ agbada kan náà, oníbàárà á sì mọ̀ ọ́n lẹ́nu.

Kókó kan tún wà lẹ́yìn yíyan: ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó dì í. Tó bá wọ àpò ní gbígbóná, á làágùn, á sì bu.

* * *

Ẹ̀yin àgbà, ríra náà ń bẹ níwájú bíbó o. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti wú kọjá ọjọ́ méjì ti ń ní ilà dúdú nínú. Nígbà tí òjò bá sì bẹ̀rẹ̀, tí ewé tuntun ń yọ, ohun gbígbẹ inú rẹ̀ á dín kù. Iye tẹ́ ẹ rà á nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kọ́ ló yẹ kẹ́ ẹ rà á nígbà yẹn. Èèpo ńkọ́? Ẹ sá a gbẹ, kẹ́ ẹ tà á fáwọn tó ń sin ewúrẹ́, kẹ́ ẹ sì ya owó ẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìwé.