SENCO ní kí EP wá wo ọmọ wa, bàbá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀

Ìyá Dàmọ́lá, Peckham:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Dàmọ́lá ti pé ọmọ ọdún 8. Ẹnu ẹ̀ dá ṣáká, á ròyìn bọ́ọ̀lù fún yín títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n tí ìwé bá ti dé iwájú ẹ̀, "was" á di "saw", ẹkún á sì bẹ̀rẹ̀. SENCO ilé ìwé wọn, olùkọ́ tó ń bójú tó àwọn ọmọ tó nílò ìrànlọ́wọ́ pàtàkì, fẹ́ pe educational psychologist (EP), onímọ̀ nípa bí ọmọ ṣe ń ronú àti bó ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́. Bàbá ẹ̀ ní wọ́n fẹ́ pe ọmọ òun ní olódo ni, kí wọ́n lè gbé e kúrò láàárín ẹgbẹ́ ẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ jọ̀ọ́.

Bàbá Àdùkẹ́:
Ẹ má bínú sí ọkọ yín. Láyé 1960 sí 1970, ìdánwò IQ ni wọ́n fi kó ọ̀pọ̀ ọmọ àwọn ará Caribbean lọ sí ilé ìwé ESN, ti àwọn ọmọ tí wọ́n ní ọpọlọ wọn ò gbé ìwé, ní London níbí. Àwọn òbí ló pariwo. Ìbẹ̀rù ọkọ yín nídìí.

Ìyá Ìbejì:
Òótọ́ ni, Bàbá Àdùkẹ́. Láti 1913 tí London County Council ti gba Cyril Burt síṣẹ́ EP ni wọ́n ti ń wọn ọpọlọ ọmọ. Àmọ́ iṣẹ́ àwọn EP ti kúrò níbẹ̀. Igbákejì olùkọ́ ni mí. EP tó ń wá sọ́dọ̀ wa á jókòó sẹ́yìn kíláàsì, á wo bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ni, kó tó wo ọmọ rárá. Ó sọ fún wa nígbà kan pé ká má to iṣẹ́ mẹ́ta lé ara wọn fún ọmọ kan, ká sọ ọ̀kan kó ṣe é tán. Inú kíláàsì wa náà lọmọ yẹn ṣì wà. Ẹ sọ fún EP tó bá wá pé Yorùbá lẹ ń sọ nílé o, ó ṣe pàtàkì gan-an.

Àǹtí Kẹ́mi:
EP ò tó nílẹ̀, ìwé EHC, ìyẹn ètò ìrànlọ́wọ́ tí council ń kọ fún ọmọ lábẹ́ òfin, ló ń gba àkókò wọn. Tí ilé ìwé bá ń fi òní dónìí, fọ̀la dọ́la, ẹ̀yin fúnra yín lè kọ lẹ́tà sí council pé kí wọ́n ṣe EHC needs assessment, àyẹ̀wò ohun tí ọmọ nílò. Òfin Children and Families Act 2014 gbà yín láyè. Ọ̀sẹ̀ 6 ni wọ́n ní láti fi dáhùn. Tí wọ́n bá gbà, dandan ni kí EP kọ ìmọ̀ràn tiẹ̀. Tí wọ́n bá kọ̀, Tribunal wà, ilé ẹjọ́ tí ẹ lè pẹ̀jọ́ sí. Ọ̀fẹ́ ni SENDIASS, iléeṣẹ́ tó ń gba òbí nímọ̀ràn lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, ń ran òbí lọ́wọ́.

Ìyá Dàmọ́lá:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Bàbá ẹ̀ ti kà á. Ó ní ṣé òun lè bá EP náà sọ̀rọ̀ lójúkojú?

Ìyá Ìbejì:
Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún SENCO kó fi ìpàdé sọ́jọ́ tí ọkọ yín ò ní lọ síṣẹ́. Kí wọ́n mú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá Dàmọ́lá dání.