Píǹkì tó fẹ́ẹ́rẹ́ fún pálọ̀: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin tèmi. Mo fẹ́ kun pálọ̀ wa ní píǹkì. Kì í ṣe èyí tó ń pariwo, èyí tó rọra pọ́n ni mo fẹ́. Táìlì ilẹ̀ wa jẹ́ àwọ̀ eérú, àga wa búráùn. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, oòrùn kì í sì í wọlé àfi ìrọ̀lẹ́. Baálé mi ní òun ò fẹ́ máa jókòó sínú yàrá ọmọ ọwọ́. Kí ni kí n ṣe?

Àṣàkẹ́: Ẹ jẹ́ kí ògiri funfun. Kọ́tìnnì, tìmùtìmù àti rọ́ọ̀gì ni kí ẹ rà ní píǹkì. Bó bá sú yín, ẹ ó ká a kúrò. Àmọ́ ẹ rán aṣọ mìíràn sẹ́yìn kọ́tìnnì yẹn o, kí oòrùn má tètè mú un ṣá.

Ọ̀gá Akunlé: Iṣẹ́ ọ̀dà ni mò ń ṣe. Kò sóhun tó burú nínú kí ẹ kun ògiri, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ rò. Píǹkì tí búlúù wà nínú rẹ̀ á di àwọ̀ eérú nínú yàrá tí oòrùn kì í wọ̀. Èyí tó fà sí yẹ́lò tàbí búráùn díẹ̀ ni kí ẹ wá. Ẹ gbé káàdì ọ̀dà lé orí ìwé funfun, ẹ ó rí èyí tó fà sí. Lẹ́yìn náà, ẹ kùn ún sórí páálí ńlá lẹ́ẹ̀mejì, kó gbẹ dáadáa, torí ọ̀dà olómi sábà máa ń dúdú sí i tó bá gbẹ. Ẹ wá gbé páálí yẹn káàkiri: ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, igun tó ṣókùnkùn, ẹ̀yìn àga. Ẹ wò ó láàárọ̀, ẹ wò ó lálẹ́. Kí ẹ wá mú èyí tó fẹ́ẹ́rẹ́ ju èyí tó wù yín lọ, torí ògiri mẹ́rin máa ń ta àwọ̀ síra wọn, á sì pọ́n ju ti orí páálí lọ.

Ìyá Ìbejì: Gílóòbù wa funfun báláú ni. Ṣé ìyẹn náà kan ọ̀rọ̀ yìí?

Ọ̀gá Akunlé: Ó kàn án gan-an! Ẹ wo nọ́ńbà tó ní K lára páálí gílóòbù, òun ló ń sọ àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀: 2700K tàbí 3000K, tó fà sí yẹ́lò, ni kí ẹ rà. 6500K, tó funfun báláú, á gba gbogbo ẹwà píǹkì yẹn. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó dán ọ̀dà wò. Ọ̀dà tí kì í dán sì ni kí ẹ lò.

Àkànní: Ẹ bá mi sọ fún baálé yín pé ní 1918, ìwé ìròyìn àwọn oníṣòwò aṣọ ọmọdé kan ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ pé ọmọkùnrin ni píǹkì yẹ, búlúù ni ti ọmọbìnrin. Èmi náà ọkùnrin ni, yàrá píǹkì ni mò ń sùn. Píǹkì òun funfun nìkan ló ń jọ ti ọmọdé. Àga búráùn yín á gbé e níyì, ẹ ṣáà fi férémù dúdú àti ewéko kan tàbí méjì kún un.

Àṣàkẹ́: Àjà ńkọ́? Funfun gbòò?

Ọ̀gá Akunlé: Rárá o, á dá yàtọ̀ jù. Ẹ po ìwọ̀n píǹkì yẹn kan mọ́ funfun mẹ́ta, kí wọ́n fi kùn ún.