Bíà àdúgbò àti bíà òkèèrè ní Ifẹ̀ àti Iléṣà: ẹ wá sọ èyí tójú yín rí

Àjàní Parakin
Ẹ kú ilé o. Bọ̀dá kan tó ní ilé ọtí lẹ́yìn ilé wa ní Parakin ti ń kó bíà craft wá láti Èkó, àwọn tí iléeṣẹ́ kéékèèké ń pọn, àti díẹ̀ tó ti òkè òkun wá. Lálẹ́ Jímọ̀ ó gbé ti iléeṣẹ́ Bature síwájú mi, stout tí wọ́n fi kọfí sí. Òórùn kọfí yẹn ti gba imú mi kí n tó tọ́ ọ wò. Kò dùn bíi malt, kò sì korò tó ódekú. Owó tí mo san á ra Trophy mẹ́ta, kò sì dùn mí. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti mu, níbo?

Ẹ̀rọ̀ Pẹ̀sẹ̀
Fọ́tò dà?

Ọmọ Obòkun
Ẹ̀yin ará Ifẹ̀ àti ohun tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá! Láti 1978 ni wọ́n ti ń pọn Trophy ní Omi Asọ̀rọ̀, níbí ní Iléṣà. Nígbà tá a wà lọ́mọdé, bí wọ́n bá ti ń se ọkà lọ́hùn-ún tí atẹ́gùn sì fẹ́ síhà ọ̀dọ̀ wa, kò sẹ́ni tí kò ní mọ̀. Bíà wà nílé, ẹ ń lọ Èkó lọ wá bíà.

Bọ̀dá Láàgéré
@Ọmọ Obòkun, Trophy tẹ́ ẹ fi ń yangàn yìí, ṣé ẹ ṣì rò pé ti Ìjẹ̀ṣà ni? Iléeṣẹ́ bíà AB InBev ti Bẹ́ljíọ̀mù ló ni ìpín tó pọ̀ jù nínú iléeṣẹ́ tó ń pọn ọ́n. Àwọn náà ló ni Budweiser, àwọn ló ni Stella, àwọn ló ni Hoegaarden. Ẹni tó mu Trophy nílé yín àti ẹni tó mu Hoegaarden ní Parakin, àpò kan náà lowó wọn ń bọ́ sí.

Ọmọ Obòkun
Ṣé mo bi yín lẹ́ni tó ni ìpín ni? Ta ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Ọmọ wa. Ta ló ń tà á? Ìyá wa. Ẹ jẹ́ ká mu bíà wa jàre.

Àjàní Parakin
Oṣómàáló ti gbé owó dé 😂

Ọmọge Mọ̀rẹ̀
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin la jọ wọ ilé ọtí kan lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi kì í mutí, látìgbà tó ti di díákónì ni kò ti fẹnu kàn án. Èmi ni mo pe ọmọbìnrin tó ń gbé ọtí, èmi ni mo sọ ọ́ lẹ́nu ara mi: stout kan fún mi, malt kan fún ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ yìí padà dé, ó kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́, ó gbé stout síwájú díákónì, ó ṣí i, ó tún bá a dà á sí gíláàsì, ó wá gbé malt síwájú mi. Ẹ̀gbọ́n mi kò lè sọ̀rọ̀. Ó ń wo ẹnu ọ̀nà bóyá ẹnìkan láti ṣọ́ọ̀ṣì ń kọjá.

Ẹ̀rọ̀ Pẹ̀sẹ̀
Díákónì! 😂😂😂

Ìyá Dàmi
Tìẹ tiẹ̀ kéré. Ní Iléṣà, obìnrin bíi tèmi ló ni ṣọ́ọ̀bù, òun ló wá ń bi mí pé "àǹtí, bọ̀dá wa ńkọ́?" kó tó lè ṣí ìgò fún mi. Mo ní bọ̀dá wà nílé, ó ń fọ abọ́. Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí mo fi sanwó.

Bọ̀dá Láàgéré
Ẹ má bínú o, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Obìnrin mélòó lẹ máa ń rí tó ń mu stout nílé ọtí?

Ọmọge Mọ̀rẹ̀
Gbogbo àwọn tí wọ́n ń gbé malt fún ni, ẹ̀gbọ́n.

Ìyá Dàmi
Ó tán.

Baba Ìbejì Sábó
Ní ti Hoegaarden tẹ́ ẹ dárúkọ, ìjà ló dá sílẹ̀ níwájú mi. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì béèrè bíà tó ti òkè òkun wá, wọ́n gbé e dé, wọ́n dà á, kò mọ́ gaara, ó rí bí omi ògì. Bàbá ní ọtí ti bàjẹ́, pé wọ́n fẹ́ pa òun. Wọ́n dá a padà, wọ́n ṣí òmíràn, bákan náà ni. Ẹni tó ni ilé ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í búra. Ọmọ Yunifásítì kan ló dìde tó ṣàlàyé pé wíìtì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ọkà báálì, wọn kì í sẹ́ ẹ, ìwúkàrà ló wà nísàlẹ̀ ìgò, àti pé wọ́n máa ń fi èèpo ọsàn àti irúgbìn koriáńdà sí i. Bàbá gbọ́ "èèpo ọsàn", ó bá ní kí wọ́n gbé Gulder fóun.

Ará Ìrẹ̀mọ
Bàbá gbọ́n. Èmi ti mu Chimay rí, inú ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà ní Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n ti ń pọn ọ́n. Ó lágbára o!

Ẹ̀rọ̀ Pẹ̀sẹ̀
Ẹ má jẹ́ kí díákónì gbọ́.

Ìyá Àgbà Ìlódè
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ń pè é ní craft. Ìyá ìyá mi ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nínú àgbàlá, kò sí ẹni tó pè é ní nǹkan kan. Wọn á rẹ àgbàdo sómi, wọn á tẹ́ ẹ sórí ewé, wọn á fi ewé bò ó títí yóò fi hù. Bó bá ti hù, wọn á sá a sóòrùn, wọn á lọ̀ ọ́, wọn á sè é, wọn á sẹ́ ẹ, wọn á fi í sílẹ̀ kó kan. Híhù yẹn ló ń mú adùn jáde. Bí kò bá hù dáadáa, omi ẹ̀kọ lásán lẹ máa mu. Ohun tí òyìnbó ń fi báálì ṣe náà nìyẹn.

Bọ̀dá Láàgéré
Òótọ́ ni, Màmá, àmọ́ wọ́n ń fi òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní hops sí tiwọn. Ìyẹn ló ń mú un korò, òun ni kì í jẹ́ kó tètè bàjẹ́. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ọjọ́ mẹ́ta, ta ló lè mu ún?

Ìyá Àgbà Ìlódè
Ta ló jẹ́ kó ku ọjọ́ mẹ́ta?

Baba Ìbejì Sábó
Ẹ rántí pé nígbà tí ìjọba fòfin de báálì òkèèrè ní 1988, ọkà bàbà làwọn iléeṣẹ́ bíà sá lọ bá. Ó sì ṣì wà nínú stout Guinness ti Ikeja títí dòní. Àbúrò mi ní Lọ́ńdọ̀nù, tó sún mọ́ Dublin tí Guinness ti ṣẹ̀ jù wá lọ, ti Ikeja ló ń wá kiri ní Peckham. Ó ní ti Dublin fúyẹ́.

Ará Ìrẹ̀mọ
Irọ́. Ti Dublin ló dáa jù.

Baba Ìbejì Sábó
Ẹ ti mu ún rí?

Ará Ìrẹ̀mọ
Wọ́n sọ fún mi.

Ọmọ Ìdíta
Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ọbàtálá la ń sìn nílé wa, a kì í mu ẹmu, ẹ kúkú mọ ohun tí ẹmu ṣe fún Bàbá lójọ́ tí wọ́n rán an wá dá ayé. Mò ń mu bíà. Bàbá mi àgbà ní ọtí lọtí ń jẹ́. Àbúrò rẹ̀ ní ẹmu nìkan lèèwọ̀. Àwọn méjèèjì ò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ látọjọ́ Ajé.

Ọmọ Obòkun
Ẹ ṣáà rí i? Ìdí nìyí tí Odùduwà fi gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín.

Ará Ìrẹ̀mọ
Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, bọ̀wọ̀ fún Ifẹ̀. Ibí ni ẹ̀yin náà ti ṣẹ̀.

Ìyá Àgbà Ìlódè
Ọmọ Ìdíta, ẹni tó ń bá ẹ gbé òrìṣà ni kó o bi. Má bi àwọn ọ̀mùtí.

Ọmọ Obòkun
Ó dáa, mo gbà. @Àjàní, mò ń bọ̀ ní Sátidé wá tọ́ stout oníkọfí yẹn wò. Ṣé àsun wà níbẹ̀?

Àjàní Parakin
Àsun wà, ó ta gan-an. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wa mọ́tò padà sí Iléṣà? Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojúpópó máa ń wà lọ́nà yẹn.

Ọmọ Obòkun
Mi ò ní padà. Ilé àna mi ní Mọ́dákẹ́kẹ́ ni n ó sùn.

Ìyá Dàmi
Pẹ̀lú òórùn ọtí yẹn lẹ́nu? Iwájú ìyá ìyàwó?

Ọmọ Obòkun
N ó sọ fún wọn pé kọfí ni.