Ṣé dátà aláìlópin máa wà títí, àbí a ó padà sí kíka gígábáìtì?

Àlàbá béèrè:

Ẹ kú déédéé ìwòyí o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tó ń gbé mi lọ́kàn.

Ọ̀nà méjì ni ilé iṣẹ́ tí mò ń ra dátà lọ́wọ́ wọn fi ń tà á. Èkíní ni aláìlópin: iye kan náà ni wà á máa san lóṣooṣù, ìlò rẹ ìbáà pọ̀, ìbáà kéré. Èkejì ni oníwọ̀n: ẹni tó ra 10GB ní tirẹ̀, ẹni tó ra 50GB ní tirẹ̀, tó bá tán, kó tún òmíràn rà. Orí aláìlópin ni mo wà, torí pé fídíò ẹ̀kọ́ ni mò ń ṣe jẹun, mo sì gbọ́dọ̀ máa gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n tí oṣù bá ti ń lọ sópin, nẹ́tíwọ̀kì á bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Tó bá wá di alẹ́, fídíò kékeré lásán á máa yí bírí, kò ní ṣí. Mo pè wọ́n, wọ́n ní kò sí òpin kankan tí mo kọjá, torí pé dátà mi kò lópin. Mo lọ ka ìwé àdéhùn, mo bá “ìlò tó bójú mu” níbẹ̀, wọn kò sì kọ iye tó jẹ́.

Ṣé aláìlópin yìí ṣì ní ọjọ́ iwájú? Àbí kí n kúkú lọ sí oníwọ̀n, kí n mọ ohun tí mo fowó mi rà? Àbúrò mi ní oníwọ̀n ló jẹ́ òtítọ́ jù. Mi ò tíì gbà fún un.

Ìyá Ìbejì fèsì:

Àlàbá, èmi gba ti àbúrò rẹ. Oníwọ̀n ni mò ń lò, ọkàn mi sì balẹ̀. Mo ti pa fídíò tó máa ń dá ara rẹ̀ ṣí lórí fóònù mi, orí Wi-Fi nìkan ni mo sì ti ń gba àwọn fáìlì ńlá, nítorí náà dátà mi kì í tán kí oṣù tó parí. Kí ló dé tí èmi tí mò ń fi WhatsApp ránṣẹ́, tí mò ń ka ìròyìn, fi ní láti san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó ń wo fídíò 4K láti àárọ̀ dalẹ́? Owó tèmi ni wọ́n fi ń bá a gbé ẹrù rẹ̀.

Ẹlẹ́rọ Òpó fèsì:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àlàyé. Àlàbá, o kú ìbéèrè. Iṣẹ́ ṣíṣètò òpó ìbánisọ̀rọ̀ ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe, n ó sì fẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ yìí láti ìdí rẹ̀.

Iye gígábáìtì kọ́ ló ń náni lówó jù. Tí òpó bá ti dúró, tí ilé iṣẹ́ ti sanwó ìgbì rédíò fún ìjọba, èèyàn lò ó o, kò lò ó o, owó náà ti lọ. Ohun tó ń le ni wákàtí tí gbogbo èèyàn jọ dé lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé ìgbì kan náà ni gbogbo fóònù tó wà lábẹ́ òpó kan jọ ń pín lò. Ẹni tó lọ pọn omi lákànga lóru kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kódà kó pọn ogún garawa. Ẹni tó wá pọn ẹyọ kan ní kùtùkùtù ló ń bá èrò du okùn. 20GB tí Àlàbá bá gbé sókè ní aago mẹ́ta òru, òpó kò mọ̀ ọ́n lára. 1GB ti aago mẹ́jọ alẹ́ ni wọ́n ń torí rẹ̀ kọ́ òpó tuntun. Oníwọ̀n sì ń ka méjèèjì bákan náà! Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbà pé òun ló jẹ́ òtítọ́ jù.

Ẹ wo bó ṣe lọ ní Amẹ́ríkà. Aláìlópin ni ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì AT&T fi ta iPhone lọ́dún 2007. Ní oṣù kẹfà ọdún 2010 wọ́n ti ilẹ̀kùn yẹn mọ́ oníbàárà tuntun, wọ́n gbé 200MB àti 2GB síwájú wọn. Verizon, ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì mìíràn níbẹ̀, ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù keje ọdún 2011. Wọ́n fi àwọn oníbàárà àtijọ́ sílẹ̀ lórí aláìlópin wọn, ṣùgbọ́n AT&T bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìyára wọn lọ́rùn; àwọn mìíràn kò tíì lò ju 2GB lọ lóṣù. FTC, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà níbẹ̀, pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 2014, wọ́n ní ó kéré tán oníbàárà mílíọ̀nù 3.5 ló fara gbá a. Ní 2019 ni ẹjọ́ náà parí, tí AT&T gbà láti san mílíọ̀nù 60 dọ́là.

Lẹ́yìn náà ni aláìlópin padà dé. T-Mobile gbé tirẹ̀ jáde ní 2016, Verizon tẹ̀ lé e ní oṣù kejì ọdún 2017. Ibi tó yẹ ká fojú sí rèé: ní oṣù kẹjọ ọdún 2017 yẹn náà, Verizon pín aláìlópin sí ìpele. Lórí èyí tó rọjú, fídíò orí fóònù kò gbọdọ̀ dán ju 480p lọ, wọ́n sì lè tì ọ́ sẹ́yìn ìlà nígbàkigbà tí èrò bá pọ̀. Lórí èyí tó wọ́n, ó di ẹ̀yìn 22GB kí wọ́n tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ìjà aláìlópin àti oníwọ̀n ti parí, wọ́n ti di ara kan. Ìpele kàn kúrò nínú iye dátà, ó bọ́ sínú ìyára, dídán fídíò, àti ẹni tí òpó máa kọ́kọ́ dá lóhùn.

Finland ni mo fẹ́ ká wò kọ́ṣe. Ìyára ni wọ́n ń tà níbẹ̀: o ra 100Mbps tàbí 300Mbps, o lò ó bó ṣe wù ọ́, orílẹ̀-èdè náà sì wà lára àwọn tó ń lo dátà fóònù jù láyé. Ìyẹn ni ọjọ́ iwájú tí mò ń fẹ́. Kò dùn mọ́ mi pé wọ́n ń kọ “aláìlópin” gàdàgbà síta, kí wọ́n wá fi òpin rẹ̀ pamọ́ sínú lẹ́tà wínníwínní. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin ti ń fipá mú àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ní Amẹ́ríkà láti lẹ ìwé pélébé mọ́ ọjà wọn, tó ń sọ ìyára àti iye dátà tó wà níbẹ̀. Ibi gbogbo ló yẹ kó ti rí bẹ́ẹ̀.

Àlàbá, wọn ìyára rẹ lójú kan náà, lẹ́ẹ̀kan ní ìdájí, lẹ́ẹ̀kan ní alẹ́. Tó bá lọ sílẹ̀ nígbà méjèèjì, ó jọ pé wọ́n ti fún ọ lọ́rùn. Tó bá jẹ́ alẹ́ nìkan, ó jọ pé ẹ̀yìn ìlà ni wọ́n tì ọ́ sí, tàbí kí èrò kàn pọ̀ lórí òpó.

Ìdòwú fèsì:

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí létí, ṣùgbọ́n tí a bá ń ta ìyára, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó kò ní kúrò nínú èyí tó ń wọ́. Ẹ wo Íńdíà: nígbà tí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì Jio dé ní 2016, ohun tó wá gbilẹ̀ níbẹ̀ ni dátà ojúmọ́, 1GB tàbí 1.5GB lójúmọ́, tó ń di ọ̀tun láràárọ̀. Olówó àti tálákà, ìyára kan náà ni wọ́n jọ ń jẹ.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju gbogbo rẹ̀ lọ ni kí wọ́n máa ta ojú ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún ápù ọ̀tọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì ti máa ń sọ pé orin àti fídíò kan kò sí nínú kíkà. Ilé ẹjọ́ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ló dá a lẹ́bi ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021. Íńdíà ti fòfin de irú rẹ̀ láti oṣù kejì ọdún 2016. 5G tún ti mú kó rọrùn láti gé nẹ́tíwọ̀kì sí wẹ́wẹ́ fún títà. Ibẹ̀ ni kí a la ojú sí.

Ẹlẹ́rọ Òpó fèsì:

Ìdòwú, o sọ̀rọ̀. Mo fara mọ́ ọ lórí ọ̀rọ̀ ápù pátápátá. Ní ti dátà ojúmọ́, ó dára fún ẹni tí ìlò rẹ̀ dọ́gba. Kò dára fún Àlàbá tó máa gbé fídíò ńlá sókè lónìí, tí kò ní gbé nǹkan kan lọ́la.

Àlàbá fèsì:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Mo wọ̀n ọ́n bí ẹ ṣe ní kí n wọ̀n ọ́n. Ní ìdájí ó ń yá dáadáa. Alẹ́ ni kì í ṣeé lò. Ó jọ pé ẹ̀yìn ìlà ni wọ́n tì mí sí. N ó máa gbé fídíò sókè lóru láti ìsinsìnyí lọ, mo sì ti kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà pé kí wọ́n sọ iye tí “ìlò tó bójú mu” jẹ́ fún mi. Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá fi hotspot so kọ̀ǹpútà mọ́ fóònù, ṣé ìṣirò kan náà ni?

Ẹlẹ́rọ Òpó fèsì:

Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá. Hotspot máa ń ní òpin tirẹ̀ lọ́tọ̀, kódà lórí aláìlópin. Fi ìbéèrè yẹn kún lẹ́tà rẹ. Tí fídíò bá ti wà lórí fóònù, orí fóònù náà ni kí o ti gbé e sókè.